Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Dúró Lẹ́yìn Ìṣó

Orí Kékeré wà nínú àgbá omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pàrà pàrà bíi ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú, omi ń fọ́n sára ògiri, Òpó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́ inú omi, ó ń kà á sókè. "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kà á.

Kí ni Kékeré ṣe? Kò ṣe nǹkan kan o. Òpó ní kó wá fọ bàtà òun, Kékeré ní òun ò fọ̀. Ó tán. Nítorí bàtà!

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe rí fún yín. Òpó ga, ó síngbọnlẹ̀, kò sí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn tó lè wò ó lójú lẹ́ẹ̀mejì. Kékeré ní tiẹ̀, tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, ẹ̀yìn ògiri lẹ ti máa lọ wá a. Ìṣó ló wà láàárín wọn. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ó mú. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀, àwọn tó ń bá bàbá rẹ̀ jó irin ní ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré, torí pé ibi tí ẹ bá gbá a sí, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

"Fi í sílẹ̀!" Ìṣó pariwo.

"Tí mi ò bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé o máa gún mi lẹ́sẹ̀ ni?" Òpó dáhùn, ó sì tún ti Kékeré wọnú omi. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ Kékeré ò fi bẹ́ẹ̀ ta mọ́. Ó ti ń rọ̀.

Garawa irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìṣó gbé e, ó fi gbogbo agbára là á mọ́ Òpó létí. Gbàà! Òpó já ọwọ́ sílẹ̀, ó wó sórí orúnkún, ó tu eyín kan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kékeré yọ orí jáde, ó ń húkọ́, ó ń pọ omi.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Òpó ti na ọwọ́ sókè, ó ń ní, "Ó tó, ó tó, jọ̀ọ́." Ìṣó tún gbé garawa yẹn sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ léjìká rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ bí eegun ṣe ṣẹ́. Bí igi gbígbẹ ló ṣe dún, kíá, ó tán.

Ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé pe Ìṣó sí ọ́fíìsì. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Ìwọ lo fi garawa ṣẹ́ eegun ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó fẹ́ pa Kék—"

"Mo ní, ṣé ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni sà, ṣùgbọ́n—"

"Ṣùgbọ́n wo? Lọ kó ẹrù rẹ. Mi ò tọ́ apànìyàn níbí. A ti lé ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ìdánwò àṣejáde ti sún mọ́lé, gbogbo kíláàsì ń ka ìwé bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀, Ìṣó wá gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé. Ẹni tí wọ́n bá lé ò lè ṣe ìdánwò. Ọdún mẹ́fà nìyẹn tó fẹ́ ṣòfò.

Tí ẹ bá rí ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn! Bàbá rẹ̀ ta àga kan nípàá, ẹsẹ̀ àga méjì yọ. Bọ̀dá rẹ̀, tó ń bá bàbá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, gbá ògiri ní ẹ̀ṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

"Mo máa lọ dáná sun mọ́tò ọ̀gá yẹn," Bọ̀dá ní. "Tó bá wà nínú ẹ̀, ìyẹn kàn án."

"Ẹ jókòó," ìyá wọn sọ. Aránṣọ ni. Ó ń tu aṣọ kan lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Bí ẹ bá fọ́ àga tán, orí ilẹ̀ lẹ máa jókòó sí. Èmi ò ra òmíràn."

"Ìyá Bọ̀dá, ọmọ wa ni wọ́n lé o!" bàbá ní.

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn agbowó-orí ka ẹ̀rọ ìránṣọ mi mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, tí wọ́n bu owó-orí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lé mi?"

"Mo rántí. Mo ní kí n lọ fi òòlù là wọ́n lágbárí, o ò jẹ́."

"Tí mo bá jẹ́ ńkọ́, ta ló máa gbé oúnjẹ wá fún yín ní àtìmọ́lé? Mo lọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo jókòó, mo ṣàlàyé, wọ́n tẹ̀ lé mi wá wo yàrá kan ṣoṣo tí mo ń lò, wọ́n sì yí i padà. Ẹnìkankan ò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀." Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Wọ́n máa ń pe irú ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà. Ìgbìmọ̀ wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀gá yẹn ò gbọ́ tẹnu ọmọ mi kó tó lé e. Èmi, òun, àti ẹlẹ́rìí kan. A ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹlẹ́rìí wo?" Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Kékeré? Èyí tó ń sá fún òjìji ara rẹ̀?"

"Òun náà ni."

Ìyá lọ bá ìyá àgbà Kékeré, torí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Kékeré ń gbé. Ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn, ẹ má tan ara yín. Láti ọjọ́ àgbá omi, kò bu omi bọ́jú mọ́, aṣọ tútù ló fi ń nu ojú. Nígbà tí ìyá Ìṣó kọ́kọ́ débẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sá sí. Ìyá ò bínú. Ó ń padà lọ, ó ń bá wọn ṣẹ́ ẹ̀fọ́, ó ń bá wọn tún aṣọ ṣe, títí Kékeré fi sọ fúnra rẹ̀ pé, "Mà, mo máa wá. Mo máa sọ pé mo ti ń kú lọ nígbà tó gbà mí."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ gbogbo wọn, àyàfi Bọ̀dá.

"Ẹ jẹ́ ká dúró fún un," ó ní.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, wọ́n gbé ríìmù mọ́tò kan kọ́ sára igi. Tí ẹnì kan bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ẹ máa lọ lu ríìmù yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì wá dúró sẹ́yìn yín. Wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọn ò ní lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn máa dúró ni. Òfin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: bí ìró ríìmù bá ṣe bá ẹ ni o ṣe máa wá. O ò gbọdọ̀ yà fọwọ́, o ò gbọdọ̀ lọ gbé irinṣẹ́ kalẹ̀, torí ẹni tó bá ń to irinṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè é, kò ka èèyàn ẹ̀ sí nìyẹn. Lójú tiwọn, ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n ti fi parí ìjà tó pọ̀ láàárín ara wọn, kò sì sí ẹni tó fi ara pa rí.

"Rárá," ìyá ní. "Ibi tí à ń lọ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìṣó, ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, Màámi."

Ó sì ṣe é tọkàntọkàn, kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Ìyá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ìyá jí lọ mú Kékeré àti ìyá àgbà rẹ̀. Ó ní kí Ìṣó wá pàdé àwọn ní ẹnu géètì ọ́fíìsì. Ìṣó wọ yunifọ́ọ̀mù tó lọ̀ dáadáa, ó fi epo pa bàtà, ó bọ́ sọ́nà. Ìgbà tó dé oríta ni bọ́ọ̀sì kan rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òpó ló wà lójú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún inú bọ́ọ̀sì náà, àyà gbogbo wọn bí ìlẹ̀kùn. Òpó wo Ìṣó. Ó fi ìka kan fa ọrùn ara rẹ̀ láti etí dé etí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibi tí eyín ti kán hàn gbangba.

Èmi àti ìyá mi, ọmọ kan tí kò ju ìgbálẹ̀ lọ, àti ìyá arúgbó kan, ni Ìṣó ń rò. Àwọn yìí kún bọ́ọ̀sì. Ta ló máa gbọ́ tiwa?

Ó dúró díẹ̀. Ó wo ọ̀nà ọ́fíìsì, ó wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú irin kan nílẹ̀, ó lu ríìmù. Gan! Gan! Gan!

Iná wẹ́díǹ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ̀dá kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ojú wọn dúdú fún èéfín, awọ tí wọ́n fi ń gba iná sára wà láyà wọn. Bàbá ṣì ń ṣí gíláàsì ojú. "Ṣé ìyá rẹ mọ̀?"

"Ó mọ̀, Bàámi."

Irọ́ kan ṣoṣo, ó ti tó. Wọ́n tẹ̀ lé e. Bí ríìmù ṣe bá wọn ni wọ́n ṣe wá: òòlù lọ́wọ́ eléyìí, páìpù lọ́wọ́ tọ̀hún, ẹnì kan mú ayùn irin. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń rìn ní ìlà. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ní ìjà lọ́kàn, mo lè búra. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ́fíìsì yín, ẹ wá rí àwọn ọkùnrin tó dúdú fún èéfín, tí wọ́n mú òòlù lọ́wọ́, tí wọn ò sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí lẹ máa pè é?

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pè é ní ohun tí ẹ̀yin náà máa pè é. Ó fò dìde. "Ẹ dúró ńbẹ̀! Ẹ ju nǹkan ọwọ́ yín sílẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, a ò bá yín jà," Bọ̀dá ní. "A wá dúró ni." Ó sì fi ọwọ́ di irin géètì mú, kó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ò gbọ́ àlàyé. Ó fi gbogbo ara ti géètì. Géètì pàdé, ìka Bọ̀dá wà láàárín ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ bó ṣe ké. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ na páìpù gba àárín irin, ó gún ẹ̀ṣọ́ láyà. Ẹ̀ṣọ́ fa kóńdó yọ, ó fọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn lórí. Àwọn ẹ̀gbọ́n Òpó ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Àwọn nìyí! Wọ́n fẹ́ wá parí ẹ̀!" Wọ́n rọ́ lù wọ́n láti ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà dàrú. Ẹnì kan gbá ẹnì kejì lágbọ̀n, ẹnì kan ń fa irun, òkúta ń fò. Bàbá ń ké, "Ẹ dúró! Mo ní ẹ dúró!" ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Igo kan bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, òun náà sì ń fì òòlù ọwọ́ rẹ̀ kiri.

"Ẹ ká géètì yìí kúrò!" ẹnì kan pariwo. Iṣẹ́ wọn kúkú ni irin. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ lára ògiri.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá Ìṣó yọ ní kọ̀rọ̀ ògiri, ó di ọwọ́ Kékeré mú, ìyá àgbà ń tẹ̀ lé wọn. Kékeré rí òòlù. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó já ọwọ́ gbà, ó sáré, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ó sì sáré gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Géètì já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wó lé e lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ariwo dákẹ́. Ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn tó ń jà, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, gbogbo wọn ló jọ gbé irin yẹn kúrò lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Kò sunkún. Ó kàn ń wo Ìṣó tó dúró níwájú gbogbo wọn.

Ìyá Ìṣó náà wò ó. Ó gbá ọmọ rẹ̀ létí, ẹ̀ẹ̀kan, kò sì tún gbá a mọ́.

"Èmi ń bá ọmọ yìí lọ sí ọsibítù," ó ní. "Ìwọ, wọlé. O ò ní ẹlẹ́rìí mọ́. O ò ní ìyá níbẹ̀. Ohun tó kù fún ẹ ni ẹnu rẹ. Bí o bá fi purọ́, má wá sílé mi."

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kó Bọ̀dá, wọ́n kó bàbá, wọ́n kó lára àwọn ẹ̀gbọ́n Òpó náà. Ìṣó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ wà lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Ìyá àgbàlagbà kan ni alága, ó fi gíláàsì sí ìsàlẹ̀ imú. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń nu òógùn.

"Mà, ẹ ti fúnra yín rí i," ọ̀gá ní. "Mo ní kí ni? Apànìyàn!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," alága ní. Ó yíjú sí Ìṣó. "Ta ló pe àwọn èèyàn yẹn wá?"

Ó rọrùn láti sọ pé Bọ̀dá ni. Bọ̀dá ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, kò lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ìṣó la ẹnu. Ojú Kékeré wá sí i lọ́kàn.

"Èmi ni, Mà. Màámi ní kí n má pè wọ́n. Mo purọ́ fún Bàámi pé ó mọ̀."

"Hẹn-ẹ́n. Ó dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìdí ẹ̀rọ omi?"

Ìṣó sọ ọ́. Ó sọ ti bàtà, ti àgbá, ti ẹsẹ̀ tó ń rọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ò nu òógùn mọ́, ó kàn ń wò.

"Nígbà tí o lù ú, ṣé ó fi ọmọ yẹn sílẹ̀?" alága bi í.

"Ó fi í sílẹ̀, Mà."

"Kí lo wá ṣe?"

Ìbéèrè yìí ni gbogbo wọn nílé ti ní kó fò. Yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀; ìgbìmọ̀ ò tíì pe Òpó, Kékeré ò sì ní sọ ọ́.

"Mo tún lù ú," Ìṣó ní. "Ó ti ń bẹ̀ mí. Mo tún lù ú. Ìyẹn ló ṣẹ́ eegun rẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ó dùn mọ́ mi nínú, Mà, pé ẹ̀rù ń bà á." Omijé wá bọ́ lójú rẹ̀.

Alága yọ gíláàsì. Ó kọjú sí ọ̀gá ilé-ìwé. "Ṣé ẹ bi í ní gbogbo èyí kí ẹ tó lé e?"

"Mà, ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere..."

"Mo ní, ṣé ẹ bi í?"

"Rárá, Mà."

Ìgbìmọ̀ ní kí Ìṣó àti ọ̀gá bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n padà, alága ló sọ̀rọ̀.

"A ti fagi lé ìdájọ́ ọ̀gá, torí kò gbọ́ tẹnu rẹ. Wọn ò lé ẹ mọ́. Òpó náà máa wá síwájú wa lórí ọ̀rọ̀ àgbá omi. Ṣùgbọ́n o ò ní ṣe ìdánwò ọdún yìí. O máa jókòó sílé, o máa padà wá ní ọdún tó ń bọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní ọmọ yẹn wọlé wá, tó jókòó sórí àga yìí, tó sọ fún wa bí ikú ṣe sún mọ́ òun tó, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. A ti ń retí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé géètì lé ẹlẹ́rìí yín."

Láti ibẹ̀, Ìṣó gba ọsibítù lọ. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga, ó fi ojú júwe bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi ọ̀já funfun di ẹsẹ̀ Kékeré dé itan. Ìṣó kúnlẹ̀.

"Kékeré, jọ̀ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Òpó ló bà mí lẹ́rù. Mo rò pé o ò ní lè sọ̀rọ̀."

"Mo ti há a sórí," Kékeré ní. "Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àná mo dúró níwájú dígí, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n ò kólòlò. Mo rí Òpó nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí, n ò sá. Béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ̀yin ni mo sá fún."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, kó lọ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá dá yín lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu yín, ọ̀nà wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó gbé òòlù lọ síbi àlàyé, bí àlàyé rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, òòlù nìkan ni wọ́n máa rí.